Ẹ Jẹ́ Kí Ìtàn Rántí Àwọn Tó Tọ́ Àlejò Sọ́nà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ẹ ṣe ń kọ ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí ẹ fún pátákó ìkéde orí kọ̀ǹpútà, tí Ward Christensen àti Randy Suess dá sílẹ̀ ní Chicago ní oṣù Kejì ọdún 1978, ní àyè tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kan ni, tí àwọn ènìyàn ń fi kọ̀ǹpútà tiwọn pè lórí tẹlifóònù láti ka ọ̀rọ̀ tí àwọn mìíràn kọ, kí wọ́n sì kọ tiwọn. Ìlà tẹlifóònù kan ṣoṣo ló ní. Bí ẹnì kan bá ti wà lórí rẹ̀, ẹlòmíràn kò lè wọlé. Nǹkan bí lẹ́tà 30 péré ni módẹ́ẹ̀mù ìgbà náà, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ìlà tẹlifóònù, ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, àlàyé gígùn lójú kọ̀ǹpútà nípa bí a ṣe ń lo pátákó náà a máa fi àkókò ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò ṣòfò, àlàyé kúkúrú a sì máa da àlejò láàmú. Ohun tí mo mọrírì jù ni pé ọ̀pọ̀ irú pátákó bẹ́ẹ̀ nígbà náà ṣe ọ̀nà méjì: àlejò á rí àlàyé kíkún, ẹni tó ti mọwọ́ rẹ̀ á sì pa àlàyé náà tì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú lè kọ̀wé sí olùtọ́jú pátákó, ẹni tó sábà ń fi owó ara rẹ̀ san owó tẹlifóònù, tó sì ń fi sùúrù dá àwọn ènìyàn lóhùn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, sùúrù yìí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ náà lọ.

Suess ṣaláìsí ní 2019, Christensen ní 2024. Mo bẹ̀ yín, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún wọn, kí ẹ sì mẹ́nu ba àwọn olùtọ́jú yòókù.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.