Aràrá náà ń jẹun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó ń gbé ara wọn mì, mo sì gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ ní àwọn aràrá inú wọn, ìyẹn àwọn tí ìràwọ̀ wọn kò ju bílíọ̀nù mélòó kan lọ, kò wúlò ju kí àwọn ńlá fi wọ́n ṣe ìjẹ lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èmi gan-an ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ọmọ rí. Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin kan nawọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sà, èyí tó kéré yẹn, ṣé kò sí èyí tó tún kéré sí i tí òun náà lè jẹ ni?" Mo ní kó jókòó, kó má da kíláàsì rú.

Ẹ wá wo àwòrán tí ẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ àpilẹ̀kọ náà. NGC 4449 ni. Aràrá ni, ó sì jìnnà sí wa tó ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ọdún rìn. William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti rí i láti ọdún 1788. Ìràwọ̀ tuntun tó ń bí ní rẹpẹtẹ ló ń gba ojú gbogbo èèyàn. Lọ́dún 2012 ni àwọn onímọ̀ kéde ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rí bí èéfín. Awò awọ̀nàjíjìn tí dígí rẹ̀ kò ju íǹṣì 28 lọ wà lára ohun tó gbé e jáde (èyí dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ). Nígbà tí wọ́n kọjú awò Subaru ní Hawaii sí i, tòun ti dígí rẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 8.2, èéfín náà tú sí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn arúgbó tó ti pọ́n. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ìṣùpọ̀ kan tó kéré sí i nìyẹn. Ìràwọ̀ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 50 ti NGC 4449 lọ. Òòfà aràrá náà mú ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ọn ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ló bá ń fà á gùn bí ẹni fa òwú láti ara ìdì rẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní 2014, ìrìn àwọn ìràwọ̀ kan nínú Andromeda II, aràrá kan tó kéré ju NGC 4449 lọ dáadáa, fi hàn pé òun náà ti gba aràrá mìíràn mọ́ra. Ní 2021, wọ́n rí i pé àwọn èròjà inú NGC 2005, ìdìpọ̀ ìràwọ̀ kan nínú Ìkùukùu Magellan Ńlá (ìṣùpọ̀ kékeré kan tó wà nítòsí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa), kò bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, bí àlejò tí ohùn rẹ̀ kò jọ ti ará ilé: inú ìṣùpọ̀ tó kéré sí i, tí Ìkùukùu náà ti jẹ, ló ti wá.

Mo ṣì jẹ ọmọ yẹn ní gbèsè ìdáhùn.

Tí ẹ bá máa tún àwòrán náà tẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà kí òfuurufú di funfun, kí ìràwọ̀ sì di dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó mọ́lẹ̀ bàìbàì máa ń hàn. Kẹ́ ẹ sì má gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù bíi ti ìṣáájú. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìlà náà wà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì