Gọ́tà tí ò débì kankan ní Ìkòròdú

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Ní Ìkòròdú níbí, ní àdúgbò tiwa, lanlọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ gọ́tà tiẹ̀, ibi tí fẹ́ǹsì ẹ̀ bá parí sí ni gọ́tà náà máa parí sí, omi ìdọ̀tí á wá dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kànga àti sọ́káwéè ò sì jìnnà síra wọn.

London náà jẹ irú ìyà yìí rí. Ìgbẹ́ ilé gbogbo ń ya wọ odò Thames, odò yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu, onígbáméjì sì pa èèyàn tó lé ní 10,000 níbẹ̀ láàárín 1853 sí 1854. Dókítà John Snow ń sọ fún wọn pé inú omi ni àrùn yẹn wà, wọ́n ní òórùn burúkú ló ń fà á. Ìgbà tí oòrùn 1858 mú gan-an, tí òórùn odò wọ ilé àwọn aṣòfin wọn létí odò, ni wọ́n tó sáré fọwọ́ sí owó iṣẹ́. Ó dùn mí pé gbogbo òkú yẹn ò tó láti mú wọn ṣe é.

Joseph Bazalgette ni ẹnjiníà tó gba iṣẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé ibi tí omi ń lọ ló kọ́kọ́ rò, ó la gọ́tà ńlá abẹ́lẹ̀ tó tó máìlì 82 kó máa gba ti àdúgbò gbogbo kó tó dé odò, kó wá gbé e kọjá ìlú lọ sápá ìlà oòrùn, bíríkì mílíọ̀nù 318 ni wọ́n lò, ibi tí ilẹ̀ bá sì ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì ló ń fa omi sókè. Ó ní kí wọ́n máa tẹ́ẹ̀sì sìmẹ́ǹtì kí wọ́n tó lò ó. Títí dòní wọ́n ṣì ń lo gọ́tà yẹn! Nígbà tí onígbáméjì tún dé ní 1866, ìlà oòrùn ìlú tí iṣẹ́ ò tíì parí ló ti pa èèyàn jù.

Àléébù wà níbẹ̀ o, wọ́n kàn da ìdọ̀tí yẹn sínú odò nísàlẹ̀ láìfọ̀ ọ́ ni, àwa ò sì gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀sà tí àwọn apẹja Èbúté Ìkòròdú ń tinú ẹ̀ jẹun.

Àwa onílé ti ṣe tán láti dáwó gọ́tà ẹnu ọ̀nà wa, àmọ́ gọ́tà ńlá tó máa gbà á lọ́wọ́ wa, ìjọba nìkan ló lágbára ẹ̀. Kí káńsù àti ìjọba ìpínlẹ̀ ẹ jọ̀ọ́ gbé sọ̀fíyọ̀ wá, kí wọ́n wọn ilẹ̀ láti òkè dé ọ̀sà, kí wọ́n fi ibi tí omi máa gbà hàn wá, kí lanlọ́ọ̀dù kankan tó tún da kọnkéré.

Èmi ni tiyín,
Onílé kan ní Ìkòròdú