Ta ló ń mú akọ tàbí abo wá?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, ìyá ọkọ gbé ọmọ tuntun sórí itan, ó ní, "Obìnrin kẹrin rèé o!" Kí wọ́n tó gbé oyin àti iyọ̀ dé, ìyàwó ti sorí kọ́. Bẹ́ẹ̀ kò mọwọ́mẹsẹ̀. Nínú ohun àjogúnbá tó ń pinnu akọ tàbí abo, tí wọ́n ń pè ní X àti Y, X nìkan ló wà nínú ẹyin obìnrin. Àtọ̀ ọkùnrin ló ń gbé X tàbí Y wá, Y yìí ló sì ń di ọmọkùnrin.

Káàkiri ayé, bí a bá bí ọmọbìnrin 100, ọmọkùnrin máa ń tó nǹkan bí 105. Ní 1662 ni John Graunt, oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti rí i nínú àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ìlú Lọ́ńdọ̀nù pé ọkùnrin fi díẹ̀ pọ̀ jù. Tí iye náà bá fò sókè gan-an, ọwọ́ èèyàn ló wọ̀ ọ́. Ní Gúúsù Kòríà ní 1990, ó lé ní 116, nítorí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo oyún, wọ́n sì ń ṣẹ́ èyí tó bá jẹ́ obìnrin. Nígbà tó yá, ó padà sí bó ṣe yẹ.

Ní ti àwọn tó ń ta àgbo ọmọkùnrin, bí aboyún 10 bá mu ún, nǹkan bíi 5 á kúkú bí ọkùnrin. Àwọn 5 yẹn ló ń bá wọn polówó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìpolówó wọn mọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn