Kí Ojú Rẹ Má Tẹ̀ Lé Bọ́ọ̀lù

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé o fẹ́ lọ wo ìdíje gọ́ọ̀fù ní Wentworth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹsàn-án, kí gọ́ọ̀fù rẹ lè dára sí i. Inú mi dùn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo àwọn pró, ìyẹn àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe, lọ́dọọdún tí gbígbá tiwọn kò yàtọ̀, torí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Bọ́ọ̀lù tó ti gbéra kò ní ẹ̀kọ́ kankan lára mọ́. Kó tó gbéra ni kí o ti la ojú.

Tètè débẹ̀, má sì kọ́kọ́ lọ sórí pápá. Ibi tí wọ́n ti ń gbáradì ni kí o forí lé. Lórí pápá, pró kan á gbá a lẹ́ẹ̀kan lójú rẹ, á kọjá lọ. Níbi ìgbáradì, ẹni yẹn kan náà lè gbá ogójì bọ́ọ̀lù kó tó kúrò. Mú ẹnì kan ṣoṣo tí gíga rẹ̀ sún mọ́ tìrẹ, kí o dúró tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń sáré láti ọ̀dọ̀ eléyìí sí ọ̀dọ̀ tọ̀hún, òkìkí ló ń wò.

Kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ní ìlà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà. Ó ṣeé ṣe kí o rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì nílẹ̀: ọ̀kan kọjú sí ibi tó ń fojú sùn, èkejì wà níwájú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í pàdé, bí irin rélùwéè ni wọ́n rí. Ibí yìí gan-an ni ìwọ ti ń ṣì í. Ìka ẹsẹ̀ lo ń kọ sí àsíá tó dúró sínú ihò tí bọ́ọ̀lù ń lọ, bẹ́ẹ̀ ìlà bọ́ọ̀lù ló yẹ kó kọjú síbẹ̀. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá ṣe bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù ti dojú kọ apá ọ̀tún àsíá, ọwọ́ á wá máa fà á padà sósì láìmọ̀. Tún wo bó ṣe ń mú àmì. Jack Nicklaus, tó gba ìdíje ńlá 18, kì í kàn ranjú mọ́ àsíá tó jìnnà. Á dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, á wá àmì kékeré kan nítòsí níwájú rẹ̀, bóyá ewé gbígbẹ, á sì kọ ojú ọ̀pá sí i.

Lẹ́yìn náà, lọ dúró níbi tí ẹ ó ti kọjú síra. Wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà: fún wẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá kúkúrú tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, àárín ẹsẹ̀ méjèèjì; fún dráífà, ọ̀pá tó gùn jù lọ, ọ̀kánkán gìgísẹ̀ òsì. Ṣọ́ra o, ẹni tó kọjú sí ọ dà bí òjìji inú dígí. Bí Phil Mickelson, pró kan, ṣe di ẹni tó ń fi òsì gbá gọ́ọ̀fù nìyẹn: ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, ṣùgbọ́n ní kékeré, iwájú bàbá rẹ̀ ló máa ń dúró sí láti sín in jẹ.

Má sín ìrísí fífì ọ̀pá wọn jẹ. Ti Jim Furyk wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gọ́ta (58) péré ló gbá bọ́ọ̀lù láti parí ihò 18 ní ọdún 2016. Ìwọ̀n ìgbà ni kí o kọ́. Lórí fídíò tó ní àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ka iye àwòrán láti ìgbà tí ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn títí tó fi dé òkè: nǹkan bí 24. Láti òkè dé ara bọ́ọ̀lù: 8. Mẹ́ta sí ọ̀kan. Àwa tí kì í ṣe pró máa ń fa ọ̀pá lọ sókè pẹ̀lẹ́ jù, a rò pé ìfarabalẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn náà la ó wá já a lulẹ̀ wàràwàrà. Tí o bá ń ya tìrẹ, gbé fóònù sí gíga ọwọ́ rẹ, kó má dagun. Bó bá dagun, irọ́ ni àwòrán náà á pa fún ọ.

Má bínú sí èyí tó kàn: àwọn obìnrin pró ni kí o máa wò jù lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọkùnrin PGA Tour, ìdíje àwọn pró ní Amẹ́ríkà, ń fì dráífà ní nǹkan bí máìlì 115 ní wákàtí kan. Ti àwọn obìnrin LPGA, ìdíje tiwọn, jẹ́ bíi 95, ti ọkùnrin tó ń gbá a fún ìgbádùn sì sún mọ́ 93. Ta ni nínú wọn ni ara rẹ lè tẹ̀ lé? Wo Nelly Korda, ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà, kí o wo bó ṣe parí sórí ẹsẹ̀ òsì láìmì.

Ti áyọ́ọ̀nù, ọ̀pá olórí irin, ojú ilẹ̀ ni olùkọ́. Koríko tí pró bá hú máa ń bẹ̀rẹ̀ níwájú ibi tí bọ́ọ̀lù wà, torí bọ́ọ̀lù ni ọ̀pá kọ́kọ́ kàn. Tìrẹ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí ara rẹ ṣì dúró sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Fi ẹfun fa ìlà sórí koríko, fì áyọ́ọ̀nù 8 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí bọ́ọ̀lù, kí o wo àpá ibi tí ọ̀pá ti kan ilẹ̀.

Gíríìnì, koríko kíkúrú tó yí ihò ká, ló máa yọ ọ́ lẹ́nu jù. Orí ilẹ̀ yanrìn tí a fi epo pò nílé lo ti kọ́ ọ, tí a ń fi ìgbálẹ̀ gbá kó tẹ́ kí a tó fi pọ́tà, ọ̀pá ìtìbọ́ọ̀lù sínú ihò, ti bọ́ọ̀lù. Kò sí òkè àti ìsàlẹ̀ tó o ní láti kà. Ní Wentworth, wo bí àwọn pró ṣe ń rìn yí ihò ká, tí ẹsẹ̀ wọn ń wá ibi tó dagun. Láti ẹsẹ̀ bàtà 8, nǹkan bí ìdajì péré ni àwọn pró ń ti wọlé. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá jìnnà, má wo bóyá ó wọlé, wo bí èyí tó ṣẹ́ kù ṣe sún mọ́ ihò tó.

Ohun kan ṣoṣo ni kí o mú bọ̀, kí o sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáà ṣe é. Tí o bá padà délé, kọ̀wé sí mi: ẹ̀ẹ̀melòó ni pró rẹ wojú ibi tó ń gbá a lọ kó tó gbé ọ̀pá?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.