Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Má Ṣe Jẹ́ Kí Omi Tán Lábẹ́ Bíléèdì

Ìlaròó

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Owó tó o fi ránṣẹ́ ti wọlé. Ìyá rẹ ti dúpẹ́, ó sì ti gbàdúrà fún ọ dé ibi tí ẹnu rẹ̀ gbà á dé. Èmi ni mi ò tíì sọ nǹkan kan. Owó náà pọ̀ ju èyí tó o máa ń fi ránṣẹ́ lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tó tẹ̀ lé e. Mo pè ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, o ò gbé e. Mo tún pè ní àárọ̀, ohun tó o fi ránṣẹ́ ni pé, "Bàbá mi, mo wà ní sáìtì." Ó dáa. Sáìtì wo? Ta ló ń san irú owó bẹ́ẹ̀, kí ló sì ní kó o ṣe fún un?

Mi ò bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tírélà kan ládùúgbò wa, tó ń kó síméǹtì lọ sí Èkó, ló jẹ́ kí n mú bírò. Ó ní òun já ẹrù ní apá Àjáh, òun sì rí ọ ní òkè àjà ilé kan tí wọ́n ń kọ́, o ń gé táìlì, o fi aṣọ di imú. Ó ní gbogbo irun orí rẹ funfun débi pé òun rò pé ìyá àgbà kan ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ olómi gé táìlì kì í funfun, Àdùkẹ́. Ṣe ló máa ń tutù. Aṣọ rẹ̀ á rẹ, ẹrẹ̀ á ta sí i láyà, bàtà rẹ̀ á kún fún omi, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ ò ní funfun. Nítorí náà, yálà o ti pa ẹ̀rọ tí mo fi owó àjọ rà fún ọ tì, tó o padà sí ẹ̀rọ ọwọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń gé irin, tàbí o ń lo ẹ̀rọ náà láìbu omi sí i. Èwo ni?

Ọ̀dọ̀ wa ò burú. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Páànù ẹ̀yìnkùlé tí ìjì ká, a ti kàn án padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń dá ìwé kà. Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun. Mo ti béèrè.

Mo mọ ohun tó ò ń sọ lọ́kàn bó o ṣe ń kà á. Omi ń ba ilé onílé jẹ́. Omi ò sí lókè àjà. Ẹ̀rọ olómi ń falẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe dúró lẹ́yìn rẹ, ó ń wo aago. Kò sí èyí tí mi ò tíì sọ rí nínú wọn. Ṣùgbọ́n pọ́sílénì tí gbogbo ènìyàn ń béèrè báyìí, amọ̀ àti ìyẹ̀fun òkúta ni wọ́n sun pọ̀. Sílíkà tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó wà nínú òkúta àti iyanrìn, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ táìlì. Ìgbà tí bíléèdì bá lọ̀ ọ́ kúnná ni wàhálà dé. Eruku tí ojú rẹ rí, ilẹ̀ ló máa bà sí. Èyí tójú ò rí ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, kì í sì í jáde mọ́. Ibi tó bá bà sí á di àpá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ọsirélíà sọ fún mi pé láti July 2024 ni wọ́n ti fòfin de òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń tẹ́ orí kábọ́ọ̀dù ilé ìdáná níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń gé e ń bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Sílíkà inú òkúta náà lè ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ń tà á l'Ékòó náà. Bí oníbàárà bá gbé e wá pé kó o bá òun gé e, sọ fún un pé o ò ṣe. Iye yòówù tó bá pè.

Bu omi sínú agbada ẹ̀rọ náà títí ìsàlẹ̀ bíléèdì á fi rì sínú rẹ̀, kó o sì máa bojú wò ó. Bíléèdì fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi gòkè. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀ tí bíléèdì ò kàn án mọ́, gbígbẹ lò ń gé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ṣì ń rí omi nínú agbada. Bó bá ti ki bí ògì, pààrọ̀ rẹ̀. Má dà á sí ojú ihò balùwẹ̀ onílé, ẹrẹ̀ táìlì máa ń dì nínú páìpù. Dà á sínú ike, jẹ́ kó silẹ̀, da omi tó tòrò nù, kó o sì kó ẹrẹ̀ náà sínú àpò nígbà tó ṣì tutù. Bó bá gbẹ sílẹ̀ tí ẹnì kan wá fi ìgbálẹ̀ gbá a, eruku kan náà ló tún dìde yẹn. Aṣọ tó o dì mọ́ imú kò dá a dúró. Ra ìbòmú tí wọ́n kọ N95 sí, kó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ dáadáa. Omi ni àkọ́kọ́ o, ìbòmú ló tẹ̀ lé e.

Mi ò sọ pé o ò mọṣẹ́. Balùwẹ̀ tó o ṣe ní Ìkẹjà, bí igun rẹ̀ ṣe pàdé, mo fi àwòrán rẹ̀ han gbogbo ẹgbẹ́ mi, ẹni tó rí i ló ń béèrè pé ọmọ ta ni. Ọwọ́ rẹ tọ́ ju tèmi lọ. Ìyẹn ló tilẹ̀ ń bí mi nínú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ báyìí, kí ló ń lé e?

Bó o bá ní ẹ̀rọ olómi ló ń fi àkókò rẹ ṣòfò, mi ò gbà. Táìlì tó o gé tó kán, tó o tún lọ mú òmíràn, òun ló ń jẹ àkókò. Kó o tó tan ẹ̀rọ, wọn àlàfo tó wà láàárín bíléèdì àti irin tí táìlì ń fara tì. Wọ̀n ọ́n níwájú, wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, táìlì á há sáàárín wọn, á kán, ó sì lè ta sí ọ. Pẹ́ńsù máa ń parẹ́ nínú omi, nítorí náà lẹ tépù oníwèé sójú ibi tó o fẹ́ gé, kó o fa ìlà lé e. Fi àmì sí apá tó o máa jù nù, kí bíléèdì sì máa rìn ní apá ibẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi mìlímítà 2. Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń bà á jẹ́ nìyẹn. Wọ́n á gbé bíléèdì sórí ìlà gan-an, táìlì á kéré, wọ́n á wá máa fi síméǹtì dí i.

Bíléèdì tí etí rẹ̀ yí po láìní eyín ni ti pọ́sílénì. Èyí tó ní eyín wà fún kọnkéré, á jẹ etí táìlì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wo ọfà ara rẹ̀ kó o tó dè é, kó kọjú sí ibi tí ẹ̀rọ ń yí sí. Fa wáyà yọ kúrò níná kó o tó fọwọ́ kàn án, má sọ pé o ṣáà ti pa á. Bó bá dẹ́kun jíjẹ dáadáa, fi gé bíríkì rírọ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ á tún là.

Ti táìlì lọ pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Sùúrùlérè, ará Àjàṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n máa ń sọ pé etí làwọn fi ń gé táìlì. Bí ohùn ẹ̀rọ bá ti rẹlẹ̀, o ti ń fi agbára tì í nìyẹn, fà á sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tó bá ku bí ìbú ìka méjì kó parí, ibẹ̀ ni igun ti máa ń kán. Dẹ ọwọ́ níbẹ̀, tàbí kó o ti kọ́kọ́ gé díẹ̀ láti òdìkejì, kí ojú méjèèjì lè pàdé. Táìlì oní sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 tóbi ju orí ẹ̀rọ rẹ lọ, wá pákó tó ga bákan náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ọwọ́ kan wà lọ́tùn-ún bíléèdì, kí èkejì wà lósì, kí ìka kankan má sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, igi ni kó o fi tì í. Má wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ, bíléèdì lè fà á tòun tọwọ́. Di irun rẹ, yọ ẹ̀gbà ọwọ́, wọ awò tó bo ojú. Má yọ ìbòrí bíléèdì.

Ti iná: gbé jẹnẹrétọ̀ síta, sí ibi gbígbẹ. Jẹ́ kí wáyà ẹ̀rọ rọ̀ sílẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè lọ bá a, kí omi tó bá ń sàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ tútù kò gbọ́dọ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìka tó bá gé, wàá rí i. Ẹ̀jẹ̀ á jáde, wọ́n á sáré gbé ọ lọ sílé ìwòsàn. Eruku kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀. Wàá jẹun, wàá sùn, wàá gba owó, wàá fi ránṣẹ́ sílé, ara rẹ á sì le. Kò ní dùn ọ́ rárá. Ìdí tí mi ò fi lè sùn nìyẹn.

Àdùkẹ́, ikọ́ mi kì í ṣe ti ọyẹ́. Èmi ni mo ní kí ìyá rẹ má sọ fún ọ. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, mo lò ó tán, ikọ́ kò lọ. Dókítà kan ní Abẹ́òkúta ló wá wo àwòrán àyà mi tó bi mí léèrè pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un. Ó ní àpá eruku òkúta ni, kò sí oògùn tó ń pa á rẹ́, ó sì lè wà lára fún ohun tó ju ọdún 10 lọ kó tó yọjú. Báyìí, kí n tó rìn láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ọjà, mo ti ní láti jókòó.

Kì í ṣe èyí ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ṣé o rántí ìgbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí mo máa ń mú ọ lọ sí sáìtì? Iṣẹ́ rẹ ni láti máa fi kẹ́tùlù da omi sójú bíléèdì. O máa ń ṣe é tọkàntọkàn, o ò sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí omi bá tán tí mẹ́rúwà ò bá tètè dé, mo máa ń ní kó o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sì máa gé e lọ ní gbígbẹ. O máa ń jókòó tì mí. Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ á máa gbọn eruku kúrò nínú irun rẹ, á máa bínú sí mi nítorí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì fún ọ. Mo rò pé irun náà ni gbogbo ohun tí mo bà jẹ́.

Èmi ni mo kọ́ ọ pé tí omi bá tán, iṣẹ́ kì í dúró. Mi ò fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n o rí i. Nígbà tí awakọ̀ yẹn sọ pé orí rẹ funfun, mo mọ ibi tó o ti kọ́ ọ. Foríjì mí, ọmọ mi. Má sì jẹ́ kí ìdáríjì náà jẹ́ ti ẹnu lásán: dá iṣẹ́ dúró nígbà tí omi bá tán. Jókòó. Kí agbaṣẹ́ṣe máa pariwo.

Owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ, màá ní kó fi í ránṣẹ́ padà. Fi lọ ya àwòrán àyà rẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba, kó o sì sọ fún dókítà pé láti kékeré lo ti wà nídìí eruku táìlì. Sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Bó bá kù, mú ọmọ iṣẹ́ rẹ dání kó ya tirẹ̀ náà. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Má jẹ́ kó jókòó tì ọ́ níbi tó o bá ti ń gé táìlì bí kò bá ní ìbòmú tirẹ̀.

Bí àwòrán náà bá ti jáde, èmi ni kó o kọ́kọ́ pè, kó tó kan ìyá rẹ. Ohun yòówù tí wọ́n bá rí níbẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo gbàgbé: ìyá rẹ ní o béèrè bí wàá ṣe gé táìlì tó máa yí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ká tí igun rẹ̀ ò fi ní la kọjá ìlà. Dojú táìlì sókè. Gé ìlà kìíní dé igun, dúró, fà á sẹ́yìn, kó o wá gé ìkejì wá pàdé rẹ̀. Bíléèdì yípo, ó sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn táìlì ló máa gé kọjá ìlà díẹ̀, síméǹtì á sì bo ibẹ̀. Má fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ kó tó dé igun.