Báńjò ni mo ń kọ́ báyìí

Durham, North Carolina

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. O ní ṣé orí mi pé, tí ìyá àgbà ń kọ́ báńjò. Orí mi pé jàre. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọwọ́ mi ti ń wá ohun tí yóò ṣe, aṣọ rírán ò sì wù mí.

Má sì pe ohun èlò orin olókùn yìí ní nǹkan òyìnbó mọ́. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ló gbé ìmọ̀ rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Àwọn Jola ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà ṣì ń ta ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní akonting: igbá tí wọ́n fi awọ bò, okùn mẹ́ta, ọ̀kan kúrú. Ní Èkó wa náà, kí gìtá oníná tó gbòde, báńjò ni Túndé King fi ń kọ jùjú ní àwọn ọdún 1930, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Olùkọ́ mi kì í kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí mo bá béèrè ìwé, á ní kí n kọ́kọ́ fi ẹnu kọ orin náà fún òun ná. Ohun tí ẹnu ò bá mọ̀, ó ní ọwọ́ ò lè rí i. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ládùúgbò yìí nìyẹn. Ní Mebane, tí kò jìnnà sí wa, ni Joe Thompson tó ń ta gòjé òyìnbó gbé títí ó fi kú ní 2012. Ní 2005 àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan ń lọ jókòó tì í, wọ́n ń fi etí gba orin lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n di ẹgbẹ́ olórin Carolina Chocolate Drops, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Grammy.

Ìwọ tá a jọ wà ní kúáyà, èyí á tètè yé ọ. Okùn márùn-ún ló wà. Bí a bá yí wọn bó ṣe wọ́pọ̀, mẹ́rin tó gùn ń dún sò, dò, mí, sò. Karùn-ún, tó kúrú, tó jẹ́ pé àárín ọrùn báńjò ló ti bẹ̀rẹ̀, ń dún dò òkè. Èékánná ni mo fi ń gbá okùn gígùn, àtàǹpàkò á wá ta kúkúrú yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ, bíi gúdúgúdú lábẹ́ ìyáàlù, ohun yòówù kí orin máa sọ.

Etí kọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀yìn ìyá wa la ti ń gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ ibí ò sì ju dò, rè, mí, sò, là lọ. Fà àti tì kì í sábà yọjú. Bí mo bá ti rí dò, ìyókù ò lè sá lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò yìí! Bí mo bá ti ń kọrin, òun náà fẹ́ máa tẹ̀ lé ẹnu mi. Mo wá ń fi í ta okùn kúkúrú yẹn nìkan bí a bá ń wo ìròyìn lálẹ́. Ọkọ mi ní bí òun bá tún gbọ́ dò yẹn, òun á kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa ní Houston.

Ní ti ọjọ́ orí tí o fi ń bú mi, òótọ́ ni pé ìka máa ń ro mí láàárọ̀; mo ní láti ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná kí n tó gbé báńjò. Ọmọdékùnrin tá a jọ ń kọ́ ọ, ìka rẹ̀ yá ju tèmi lọ fíìfíì. Àmọ́ orin mélòó ló ní nínú? Èmi ní ti Sọ́ńdè Sùkúù, ti ìgbéyàwó, ti òkú. Elizabeth Cotten, ọmọ Carrboro nítòsí wa, fi báńjò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní kékeré. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ńṣe ló yí i sódì, tí okùn ìsàlẹ̀ wá bọ́ sókè, tó ń ta á. Ó pa orin tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ṣiṣẹ́ nílé onílé. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1958.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni orin tí ìyá rẹ máa ń kọ bí wọ́n bá ń yan gààrí, èyí tó ń rìn nísàlẹ̀ tó wá fò sókè lójijì. Mo rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò rántí ibi tó ti ń fò. Kọ ọ́ sórí WhatsApp fún mi. Má yára, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi dùùrù tì í lẹ́yìn. Ohùn rẹ nìkan ni mo fẹ́. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ