Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé Ọkọ̀ Náà?

Àkànní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ojú tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́, àbúrò rẹ sì ti parí ìdánwò rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé. Ọ̀rẹ́ rẹ tó yà kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé o ti ra ọkọ̀, pé o ti ń wà á láti oṣù mẹ́rin, àti pé orúkọ ẹni tó tà á fún ọ ló ṣì wà lórí ìwé rẹ̀. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o kò gbé fóònù. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ọkọ̀ náà?

Inú mi dùn pé o ra ọkọ̀, nítorí òógùn ojú rẹ ni o fi rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ìjọba kọ́kọ́ ń wá bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀: òun ni ìwé ìtanràn ń lọ bá, ilé rẹ̀ sì ni ọlọ́pàá ń lọ bí ẹnìkan bá fi ọkọ̀ náà kọlu èèyàn tó sì sá lọ. O ti fi ẹni ẹlẹ́ni sínú ewu. Ẹ jọ lọ yí orúkọ náà padà. Kí ẹ tó lọ, fi ìwé náà wé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, kì í ṣe ti àwo nọ́ńbà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti 1981, àmì 17 ló wà nínú nọ́ńbà yìí, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, bí ẹyọ kan nínú wọn bá sì yàtọ̀ sí ti inú ìwé, má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí o fi mọ ìdí rẹ̀.

Mo tún gbọ́ pé ìwé adójútòfò ti ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ ni o ń gbé kiri. Ta ló sọ fún ọ pé yóò gbà ọ́? Òun ni ilé-iṣẹ́ náà bá dá májẹ̀mú, wọn kò mọ̀ ọ́. Adójútòfò tí òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ sọ di dandan, bí irú èyí tí wọ́n ti fi lélẹ̀ ní Brítéènì láti 1930, kì í ṣe nítorí ọkọ̀ tìrẹ rárá. Nítorí ẹni tí o bá ṣe léṣe ni. Má sọ fún mi pé o mọ ọkọ̀ wà.

Èmi náà mọ ọkọ̀ wà. Ọdún tí o jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo ní iṣẹ́ ni kò lọ déédéé. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ìwé adójútòfò mi ti parí fún ọjọ́ mọ́kànlá, mo ń sọ fún ara mi pé n óò tún un ṣe bí oṣù bá parí, ni mo bá kọlu ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán níbi méjì. Ilé-iṣẹ́ náà wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé, wọ́n sì dá a padà fún mi. N kò lè bá wọn jà, nítorí n kò ní nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn mọ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ni mo fi tọ́jú ọkùnrin náà, òun náà ni mo fi san owó ìtanràn. Títí di òní ló ń tiro. Bí a bá pàdé, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi, n kì í sì í lè wo ojú rẹ̀.

Dárí jì mí, ọmọ mi. Síbẹ̀, má rò pé mo ti bá ọ wí tán. Oṣù mẹ́rin, Àkànní! Má ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni tí kò ní ìwé ìwakọ̀, kódà àbúrò rẹ, nítorí ẹni tó yọ̀ǹda ọkọ̀ náà lè jẹ́jọ́. Bí o bá sì ń fi ọkọ̀ náà gbé èrò gba owó, jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò mọ̀ kí wọ́n tó kọ ìwé fún ọ.

Bí owó ni kò tó, mo ní díẹ̀ nípamọ́. Jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró sílé títí ìwé yóò fi pé, kí o máa wọ ọkọ̀ èrò. Kí o sì pè mí lálẹ́ òní, kí o sọ orúkọ tó wà lórí ìwé náà fún mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ